Orúkọ Tó Ṣọ̀wọ́n, Tó Sì Ṣeé Tú: Bí A Ṣe Ń Wá A fún Ọmọ Tuntun

Ẹ dúró sẹ́nu géètì ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní agogo kan ọ̀sán, kí ẹ pe "Tolú!" Ọmọ tí yóò yíjú kò ní jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀kan ń jẹ́ Tolúwanimí, èkejì Tolúwalàṣẹ, ẹ̀kẹta Tolúwalọpẹ́, òbí kọ̀ọ̀kan ló sì gbà pé orúkọ tóun rí yàtọ̀. Lórí ìwé, ó yàtọ̀ lóòótọ́. Lẹ́nu ènìyàn, Tolú ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tóbi, bẹ́ẹ̀ ni Tèmi àti Ire. Ẹni tó bá ń wá orúkọ tí kò wọ́pọ̀ ní láti kọ́kọ́ wo ìdajì tí aráyé yóò máa pè, torí ibẹ̀ ni ọ̀wọ́n rẹ̀ yóò ti hàn tàbí kó ti pòórá.

Ohun kejì tó yẹ kó wà lọ́kàn yín ni pé gbólóhùn ni orúkọ àbísọ Yorùbá. Ẹnìkan ń sọ nǹkan nínú rẹ̀: ó ń dúpẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń fún ọ̀tá lésì, ó ń ròyìn bí ọmọ ṣe dé. Adéróunmú: adé rí ohun mú. Mosúnmọ́lá: mo sún mọ́ ọlá. Ọ̀nàọlápọ̀: ọ̀nà ọlá pọ̀. Bí ẹ bá gbé orúkọ kan wá sílé, tí àgbà tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kò lè tú u sí gbólóhùn kí omi tó hó, orúkọ náà kò ṣọ̀wọ́n, ó bàjẹ́ ni.

Ilé tí à ń wò

Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá dé. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo wọn. Ọjọ́ mẹ́jọ kò tó ìwádìí nínú ilé tí ìyá ọmọ kò tíì sùn, tí àlejò ń wọlé, tí ẹlòmíràn ń jáde, tí a ò tíì san owó àga àti kánópì. Nígbà tí oyún bá ti pé oṣù mẹ́fà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ti jókòó síbi ìkómọ rí ló mọ̀ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wo ilé náà. Bí a ṣe ń wò ó nìyí: ẹ fa ìlà sáàárín ojú ìwé kan, ẹ̀gbẹ́ baba lápá kan, ẹ̀gbẹ́ ìyá lápá kejì. Ẹ kọ orúkọ àwọn òbí àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá kọ ti àwọn mẹ́jọ tó bí wọn. Ènìyàn méjìlá nìyẹn. Bí ẹ bá rí orúkọ mẹ́jọ péré nínú wọn, ẹ ti gbìyànjú.

Bí ẹ ṣe béèrè ló máa sọ ohun tí ẹ máa rí. Ẹ bi màmá àgbà pé "Kí lorúkọ ìyá yín?", wọn á ní "Mary", tàbí "Ìyá Ẹlẹ́kọ". Orúkọ tí ẹ ń wá sùn sábẹ́ méjèèjì. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Màmá, kí ni ìyá tó bí wọn lọ́mọ máa ń pè wọ́n? Orúkọ wo ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó ṣèrìbọmi? Oríkì wọn ńkọ́?" Nígbà náà ni Àwẹ̀ró yóò jáde, tàbí Orítọ́kẹ́, tàbí Ẹfúnróyè, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè nílé yín láti ogójì ọdún.

Ẹ tan fóònù sílẹ̀ kó gba ohùn wọn. Ìwé nìkan kò tó, nítorí ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i yóò gbàgbé ohùn rẹ̀ kó tó délé. "Tanimola" lè jẹ́ Tanímọ̀la, ta ni ó mọ ọ̀la. Ó sì lè jẹ́ Tanímọlá, ta ni ó mọ ọlá. "Abogunde" lè jẹ́ Abógundé, ọmọ tó bá ogun dé, tàbí Abógúndé, tó bá Ògún dé. Ìtàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìdílé méjì sì ni wọ́n ti lè wá.

Níbi tí kò ti sí àgbà mọ́, ẹ wá ìwé ètò ìsìnkú àwọn tó ti lọ. Ojú ìwé tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sí máa ń ní orúkọ kíkún, pẹ̀lú orúkọ bàbá àti ìyá wọn. Ẹ wo òkúta sàréè, ìwé ilẹ̀ àtijọ́, àti ìwé ìrìbọmi tí ṣọ́ọ̀ṣì ń pa mọ́. Tí ẹ bá rí orúkọ kan tí ẹ ò mọ ohùn rẹ̀, atúmọ̀ orúkọ YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò tú ọ̀pọ̀ nínú wọn fún yín. Ẹ kàn má fi ibẹ̀ ṣe ọjà tí ẹ ń nájà orúkọ kiri. Ilé yín lẹ ti ń mú orúkọ, ibẹ̀ lẹ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Orí orúkọ àti ìrù rẹ̀

Nígbà tí àkọsílẹ̀ bá ti wà níwájú yín, ẹ wo ohun tó ń bẹ níbẹ̀rẹ̀ àwọn orúkọ náà. Adé ń tọ́ka sí ilé ọba, Ọdẹ sí ilé ọdẹ, Àyàn sí àwọn onílù, Ọ̀jẹ̀ sí ìdílé eégún. Ògún wọ́pọ̀ nílé alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ, Fá àti Awo nílé babaláwo. Ẹfun jẹ́ ti àwọn tó ń sin Ọbàtálá. Inú rẹ̀ ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, àti Ẹfúnróyè Tinúbú ti jáde. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ ó rí Òṣí àti Ṣó gan-an. Ẹ má kàn yá orí tí kì í ṣe tiyín nítorí pé ó dùn létí. Ọmọ tó ń jẹ́ Àyàn nílé tí kò sí gángan kan ṣoṣo yóò máa ṣàlàyé títí tí yóò fi dàgbà. Ti Adé ti yàtọ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti gbogbo ènìyàn, bí inú àwọn ọmọ ọba tilẹ̀ ń bàjẹ́ sí i.

Ìrù orúkọ ló sábà máa ń sọ ọ́ di gbogbogbòò. Wálé, Túndé, Yẹmí, Bùnmi, Kúnlé, Fẹ́mi, Ṣẹ́gun: orí yòówù kí ẹ lẹ̀ mọ́ wọn, ìrù yìí lẹ máa gbọ́ ládùúgbò. Nítorí náà ẹ lè fi orí ìdílé sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá ìrù tí kò wọ́pọ̀ sí i. Ọlágúnjú, Oyèdìran, Ọládìran, Adékànmí, Olúgbóhùn. Ẹ gbọ́ bí Oyèdìran ṣe rí: oyè di ìran, oyè tí bàbá jẹ, tí ọmọ jẹ, tó ti di ti ìran. Orúkọ yẹn ń sọ̀rọ̀ ju Oyèwọlé lọ nílé tí oyè kò kúrò rí.

Ọ̀nà kejì ni kí orí fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ibí yìí ni oúnjẹ pọ̀ sí jù, tí àwọn òbí ìsinsìnyí kò sì wò. Ojú: Ojúọlápé. Orí: Orítọ́kẹ́. Ilé: Ilésanmí. Pópó: Pópóọlá. Iyì: Iyìọlá. Nínú ohun ọ̀ṣọ́, iyùn wà, sẹ̀gi sì wà, ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye ni méjèèjì: Iyùnadé, Sẹ̀gilọlá. Gbogbo ènìyàn ti sá lọ bá Wúrà, wọ́n fi iyùn sílẹ̀. Ìbí náà wà, ìyẹn ẹbí àti bíbí: Ìbídùn, Ìbíyẹmí, Ìbídàpọ̀. Ìdílé méjì tó fẹ́ ara wọn lẹ́yìn ìjà ọdún pípẹ́ kò lè rí orúkọ tó bá wọn mu ju Ìbídàpọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì kúrò lórí Ìbíyẹmí kí ẹ tún un kà. "Ibiyemi." Ẹni tí kò mọ ìdílé yín lè kà á ní "ibi yẹ mí". Àmì ohùn méjì péré ló wà láàárín ìbí àti ibi, kò sì sí èyí tí fọ́ọ̀mù ìjọba máa gbà nínú wọn. Èyí kò ní kí ẹ má sọ ọ́. Àwọn ènìyàn iyì ti jẹ́ ẹ, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ. Ohun tó ń sọ ni pé gbogbo orúkọ tí ẹ bá ti yàn ni kí ẹ kọ sílẹ̀ láìsí àmì, kí ẹ gbé e fún ẹnìkan tí kò tíì gbọ́ ọ rí, kí ẹ sì fetí sí ohun tó máa kà. Ṣubúọlá náà bọ́ sí ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó ṣubú bọ́ sínú ọlá ni, ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ "ṣubú" yẹn ni àwọn ọmọ kíláàsì máa dì mú.

Ohun tó ń ba orúkọ tuntun jẹ́ jù ni ìsopọ̀. Nígbà tí fáwẹ̀lì méjì bá pàdé, a máa ń pa ọ̀kan jẹ, ohùn rẹ̀ sì máa ń kù. Rí ohun di róun, gbọ́ ohùn di gbóhùn. "Ni" tó bá bá ọlá pàdé á di "l": sẹ̀gi ni ọlá, Sẹ̀gilọlá. Ẹni tí kò mọ èyí á kọ Sẹ̀giniọlá, orúkọ náà á wá máa dún bí ẹni tó ń kólòlò. Ẹ pè é ní gbólóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ máa yára sí i. Ibi tí ahọ́n yín bá ti gé e kúrò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gé e.

A tún ní láti sọ ti àwọn tó ń yọ Ògún, Fá tàbí Ọdẹ kúrò nítorí ẹ̀sìn, tí wọ́n ń fi Olú tàbí Olúwa rọ́pò rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ibi: Fábùnmi di Olúbùnmi, Odùkọ̀yà di Olúkọ̀yà, gbólóhùn kò yẹsẹ̀. Níbòmíràn kò ṣiṣẹ́. Ọdẹ́túndé ń ròyìn bàbá ọdẹ kan tó kú, tí ìdílé gbà pé ó tún wá. Ẹ fi Olúwa sí i, ó di Olúwatúndé, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí Olúwa lọ tó fi ń padà bọ̀. Ẹni tí orí ìdílé kò bá bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu, ó sàn kó wá orúkọ míì láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ ìbí.

Bí ọmọ ṣe dé

Orúkọ àmútọ̀runwá kì í ṣe ohun tí a ń yàn. Ọmọ ló ń mú un bọ̀. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí Táíwò, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú, wọ́n ti ń di ohun tí òbí ń fò dá, pàápàá nítorí pé ilé ìwòsàn kì í sọ bí ọmọ ṣe jáde àyàfi tí ẹ bá béèrè. Ẹ bi agbẹ̀bí kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ṣé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ? Ìgè ni. Ṣé ó dojú bolẹ̀? Àjàyí ni, orúkọ tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kò fi sílẹ̀ títí wọ́n fi fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ṣé ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn? Òjó ni bó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bó bá jẹ́ obìnrin. Ọmọ tí awọ funfun bò lórí ni Sàlàkọ́ tàbí Tàlàbí. Èyí tó bá jáde pẹ̀lú àpò rẹ̀ ni Ọ̀kẹ́. Èyí tó pẹ́ nínú kọjá oṣù rẹ̀ ni Ọmọ́pẹ́. Èyí tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀ láìtíì padà rí nǹkan oṣù lẹ́yìn ìbímọ ni Ilọ̀rí. Tí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, dókítà ṣì mọ bó ṣe jókòó nínú. Ẹ béèrè.

Tí ọmọ kò bá mú èyíkéyìí wá, ẹ jókòó, ẹ̀yin méjèèjì, kí ẹ kọ ohun mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí oyún dúró sí ìgbà tí ẹ gbóhùn ọmọ. Ohun mẹ́ta gidi, kì í ṣe àdúrà. Bàbá kò sí nílé nígbà ìbí? Abídèmí. Ọ̀nà ilé ìwòsàn lẹ ti bí i? Abíọ́nà. Òjò ló ń rọ̀? Béjídé, nítorí eji ni òjò. Ìdílé wà nínú àríyànjiyàn? Fìjàbí, orúkọ tí olóyè ńlá jẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin ń ṣọ̀fọ̀, ọmọ sì dé? Olúrẹ̀mílẹ́kún, tàbí Dìpẹ̀olú. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí orúkọ ṣọ̀wọ́n, torí ìṣẹ̀lẹ̀ ilé kan kì í bá ti ilé kejì dọ́gba. Àdúrà ni gbogbo ènìyàn ń gbà bákan náà. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àdúrà fi pọ̀ bí yanrìn.

Oríkì

Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ ti ń padà wọlé bí orúkọ àkọ́kọ́. Àwọn tó ṣì ṣọ̀wọ́n wà: Àdùfẹ́, Àyọ̀ká, Àwẹ̀ró, Àṣàbí fún obìnrin, Àkàngbé, Àjàgbé, Àdìó, Àtàńdá, Ìṣọ̀lá fún ọkùnrin. Wọ́n kúrú, wọ́n dùn ún pè, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa gé kúrò lára wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá. Oríkì ni àgbà fi ń ki ọmọdé, tí wọ́n fi ń pa ẹkún rẹ̀, tí orí fi ń wú. Ọmọdé kì í la ẹnu pe oríkì ẹni tó jù ú lọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ di orúkọ àkọ́kọ́, olùkọ́ á fi í nà án, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á fi í bú u, nígbà tí ìyá àgbà bá sì fẹ́ kẹ́ ẹ, kò ní sí nǹkan tó kù lọ́wọ́ wọn. Ní tiwa, a fara mọ́ ọn pé kí oríkì wà ní ipò kejì tàbí ìkẹta, kó wà nílé. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ṣe àkọ́kọ́, kó wá oríkì kejì fún ìyá àgbà láti máa pè. Kí ẹ sì wádìí pé kò sí àgbà tó ń jẹ́ ẹ lọ́wọ́ nínú agbo ilé. Ẹni tó ń bá ọmọ wí pẹ̀lú orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ ti kó sí gbèsè.

Orúkọ àbíkú

Kòsọ́kọ́, Málọmọ́, Dúrósinmí, Kásìmáawò, Àkísàátán. Wọ́n ṣọ̀wọ́n, wọ́n lágbára, ọba tó ń jẹ́ Kòsọ́kọ́ ló wà lórí ìtẹ́ Èkó láti 1845 sí 1851. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ kí ẹ tó mú wọn. Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ sàréè. Àkísàátán: àkísà tí a ó fi dì í ti tán. Nílé tí ọmọ kò kú rí, orúkọ yìí dà bí aṣọ ọ̀fọ̀ tí a wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, àgbà tó bá gbọ́ ọ á bi yín pé mélòó ló ti lọ. Bí ó bá jẹ́ orúkọ bàbá àgbà yín, tí ẹ fẹ́ kó padà, ìyẹn ní ìdí tirẹ̀. Kí ẹ sì sọ ọ́ síta lọ́jọ́ ìkómọ pé ti bàbá ni.

Ẹ pè é síta

Nígbà tí orúkọ bá ti ku mẹ́ta, ẹ kúrò nídìí ìwé. Kí ẹnìkan dúró sẹ́yìnkùlé, kí ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí oúnjẹ ti délẹ̀ tí ọmọ ń ṣeré lọ́nà jíjìn. Orúkọ tó bá ní ju sílébù mẹ́ta lọ yóò já lọ́nà. Ibi tó bá já sí ni orúkọ tí ọmọ máa jẹ́ gan-an, nítorí náà ìdajì yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò. Adéróunmú sábà máa ń di Róunmú, ó ṣì ṣọ̀wọ́n. Oyèdìran á di Dìran, ó dára. Ọlágúnjú á di Gúnjú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ọlọ́dún mẹ́wàá gbọ́ ọ, kí ẹ wo bóyá wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Adékànmí á di Kànmí tàbí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Adé.

Ẹ pe orúkọ náà pọ̀ mọ́ orúkọ ìdílé. Ọládìran Ọlágúnjú Ọláníyì ń lu ìlù kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí orúkọ ìdílé bá ti ní Ọlá, ẹ wá orí míì fún ọmọ.

Àwọn tó wà ní London tàbí Houston máa ń bi wá léèrè nípa gb. Olùkọ́ ibẹ̀ kò ní lè pè é, p wa náà kì í ṣe p tiwọn. Bí ẹ bá ní orúkọ méjì tó dọ́gba lọ́kàn yín, ẹ mú èyí tí kò ní gb: Iyùnadé yóò la ẹnu wọn kọjá ju Olúgbóhùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí olùkọ́ ọdún kan sọ orúkọ tí ilé fẹ́ nù. Ọmọ tó bá mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ló máa kọ́ olùkọ́ náà.

Ohun tí a ò gbọdọ̀ ṣe rárá ni kí a mú orúkọ tó wọ́pọ̀, kí a fi lẹ́tà tí kò níṣẹ́ há a lẹ́nu: Simisolah, Tohluwani, Dunsihn. Etí kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, ojú nìkan ló rí i. Akọ̀wé fọ́ọ̀mù á yọ h náà lónìí, á dá a padà lọ́la, ọmọ á wá ní ìwé méjì tí kò bára mu nígbà tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, níbi tó jẹ́ pé orúkọ tó wà lórí NIN ni wọ́n ń mú.

Ìwé

Ẹ ka lẹ́tà. Ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù gba àyè 44. 5 àkọ́kọ́ jẹ́ ti irú ìwé àti orílẹ̀-èdè, 39 ló kù fún orúkọ. Àyè 2 ló wà láàárín orúkọ ìdílé àti àwọn orúkọ yòókù, àyè 1 láàárín orúkọ kan sí èkejì. ADEGBOYEGA jẹ́ lẹ́tà 10, OLUWATOBILOBA 13, MOYOSOREOLUWA 13. Ẹ rò ó: 10, 2, 13, 1, 13. Ó pé 39 gérégé. Orúkọ kẹta tí bàbá àgbà fi owó sínú omi sọ kò ní ríbi dúró níbẹ̀. Ìlà yẹn kò gba àmì kankan, A sí Z nìkan ni, nítorí náà ọ á di O, ṣ á di S.

Àmì ohùn, ẹ̀yin ni yóò máa pa á mọ́. Ẹ kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì àti ìtumọ̀ rẹ̀ sórí káàdì ìkómọ, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì ìwé ìbí. Fún àwọn ẹbí tó wà ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ̀wé, ẹ mọ̀ pé ṣ máa ń di ch lọ́wọ́ akọ̀wé ibẹ̀, u á sì di ou. Ẹ fẹnu kò lórí bí a ó ṣe kọ ọ́ kí ọmọ kan náà má baà ní orúkọ méjì ní ẹ̀gbẹ́ bodè méjèèjì.

Ní ti ipò orúkọ, ẹ fi èyí tó ṣọ̀wọ́n sí àkọ́kọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa pè é. Orúkọ àkọ́kọ́ ni olùkọ́ ń kà láti inú rẹ́jísítà. Kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, ẹ lọ bá àwọn òbí yín méjèèjì nílé wọn, ẹ má fi fóònù ṣe é. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa sọ orúkọ yín lákọ̀ọ́kọ́ níwájú àwùjọ o, ṣùgbọ́n èyí la fẹ́ kọ síwájú nínú ìwé." Wọ́n lè kọ́kọ́ fajú ro; bí orúkọ náà bá jẹ́ ti ìyá tó bí wọn, tí ẹ fi ohùn màmá lórí fóònù hàn wọ́n, wọn kì í pẹ́ gbà. Ẹni tí a kò bá sọ fún tẹ́lẹ̀ ló máa ń dìde síwájú oyin àti iyọ̀ láti sọ pé òun kò gbọ́ irú orúkọ yẹn rí.

Ní Nàìjíríà, láàárín ọjọ́ 60 ni òfin ní kí a forúkọ ìbí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn. Ẹ fúnra yín kọ orúkọ náà sí pépà ní lẹ́tà ńlá, ẹ má pè é fún akọ̀wé láti gbọ́ kọ. Ẹ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì, torí orúkọ tí akọ̀wé kò tíì kọ rí ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yí padà sí èyí tó mọ̀: Adéróunmú á di Aderonmu, Iyùnadé á di Iyanuade. Ní England àti Wales, ọjọ́ 42 ni, ẹ sì ṣì lè fi orúkọ kún un tàbí kí ẹ yí i padà láàárín oṣù 12 lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀. Ìyẹn wúlò gan-an fún ẹni tí orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Tí àṣìṣe bá ti wọ ìwé Nàìjíríà, ẹ tètè lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kí ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, kí ẹ tọ́jú ojú ewé ìwé ìròyìn náà lódidi, kì í ṣe gígé. Kí ẹ ṣe é kí ọmọ tó gba NIN, kí àtúnṣe má baà di méjì.